Ẹ gbà mí lámọ̀ràn: àwọn ọmọ práímárì 5 mi ní kẹ̀kẹ́ "17, ó ku 2"

Àǹtí_Tíṣà_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí náà ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Práímárì 5 ni mò ń kọ́ níbí ní Ẹ̀pẹ́, ilé-ìwé ìjọba, ọmọ sì pọ̀ nínú kíláàsì mi gan-an. Wọ́n pè wá sí sẹ́mínà kan, wọ́n ní ká yéé kọ́ ọmọ ní ìṣirò orí pátákó nìkan, ká máa ṣe mathematical modelling, ká mú ìṣòro tó wà nílùú, kí àwọn ọmọ fi ìṣirò yanjú ẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ bàbá tó ń ṣàlàyé, àwòrán òbìrí kan ló gbé sára ògiri, ọfà ń lọ ọfà ń bọ̀, ni oúnjẹ bá dé, a jẹun, a túká. Kò sẹ́ni tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ tó jókòó mẹ́rin-mẹ́rin sórí bẹ́ǹṣì kan.

Èmi náà ní kí n ṣáà gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo bi wọ́n pé ọmọ 53 fẹ́ lọ sí etí ọ̀sà, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń gbé èèyàn 3, kẹ̀kẹ́ mélòó la máa pè? Ẹ̀yin ará, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ "17, ó ku 2". Mo ní àwọn 2 tó kù yẹn ńkọ́? Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní "Wọ́n á máa ṣọ́ kíláàsì, mà." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé ọmọ yìí gan-an, tẹ́ ẹ bá dé ọjà Olúwo lọ́jọ́ tí kò sí ilé-ìwé, ẹ máa bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀pìyà, ẹ fún un lówó, ṣéńjì yín á ti dọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó rò ó tán lórí, kò lo bírò, kò lo fóònù. Kí ló wá ń ṣe é tó bá ti wọ yúnífọ́ọ̀mù? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń máàkì irú nǹkan báyìí tí kì í ṣe ìdáhùn kan? Mi ò ní kọ̀ǹpútà, mi ò ní pírójẹ́ktọ̀, ṣọ́ọ̀kì gan-an ìgbà míì owó àpò mi ni mo fi ń rà á. Ẹ má kàn ní kí n lọ wo fídíò o.


Bàbá_Tíṣà_Ìgbógbó:

Àǹtí wa, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ti àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ nìkan. Mo ti fẹ̀yìn tì, Ìkòròdú níbí ni mo ti kọ́ ọmọ, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn, ayé gbogbo ló ń rí i. Ní 1983 ní Amẹ́ríkà, nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n bi àwọn ọmọ ọdún 13 pé bọ́ọ̀sì ológun kan ń gbé sójà 36, sójà 1,128 fẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́, bọ́ọ̀sì mélòó ló máa gbé wọn? Nínú ọmọ 100, bíi 70 ló pín in tó pín in re. Ṣùgbọ́n 29 kọ "31, ó ku 12", 18 kọ 31 lásán, 23 péré ló kọ 32. Sójà 12 ló dúró sójú títì níbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Àwọn ará Faransé náà ṣe tiwọn ní Grenoble, ó ti ju ogójì ọdún lọ báyìí, wọ́n ní àgùntàn 26 àti ewúrẹ́ 10 wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ọdún mélòó ni ọ̀gá tó ń wa ọkọ̀? Ọmọ 97 ni wọ́n bi, 76 nínú wọn ló fi nọ́ńbà àgùntàn àti ewúrẹ́ ṣe ìṣirò, wọ́n sì rí ọjọ́ orí ọ̀gá ọkọ̀ yẹn gbà jáde. Ẹ gbọ́ ná, kì í ṣe pé àwọn ọmọ yẹn ya dìndìnrìn. Àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ti mọ̀ látìgbà tó ti wà ní práímárì 1 pé nọ́ńbà tí tíṣà bá kọ sí pátákó, lílò ni gbogbo ẹ̀, pé kò sí èyí tó ṣẹ́kù kò sí èyí tó dín, pé ìdáhùn kan ló wà, tíṣà sì ti mọ ìdáhùn náà kó tó dé kíláàsì. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó mọ̀ bóyá ká rò ó pọ̀ ni àbí ká pín in. Ó pín in, ó jókòó. Kí ló kàn án pẹ̀lú kẹ̀kẹ́?

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ fún yín: ẹ yọ àwọn nọ́ńbà kúrò nínú ìbéèrè. Ẹ sọ fún wọn pé "Kíláàsì wa fẹ́ lọ sí etí ọ̀sà, èló la máa mú dání fún kẹ̀kẹ́?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Kẹ́ ẹ dákẹ́ gan-an o, ìyẹn ló le jù fún àwa tíṣà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ wọ́n á máa wo ojú yín, wọ́n á ní "mà, ẹ ò tíì sọ iye tó ń gbé", ẹ ní "ẹ̀yin ò wọ kẹ̀kẹ́ rí ni?" Ìgbà yẹn lẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ní 3 ló ń gbé, òmíì á ní irọ́ ni, dẹrẹ́bà máa ń gbé ẹnì kan síwájú, ó di 4. Ẹnì kan á ní màmá òun ò ní gbà kí òun jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹrẹ́bà. Ẹnì kan á ní ọmọ kékeré ni wá, a lè jókòó mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹlòmíì á béèrè pé ṣé ẹ̀yin tíṣà ò ní bá wa lọ ni? Gbogbo ìyẹn ni iṣẹ́ gangan. Kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan kọ èyí tó gbà sílẹ̀: "A gbà pé tíṣà 2 ń bá wa lọ, a gbà pé kẹ̀kẹ́ ń gbé 3, a gbà pé ₦1,500 ni kẹ̀kẹ́ kan." Èèyàn 55, mẹ́ta-mẹ́ta, kẹ̀kẹ́ 18 kò ní tó, 19 ni. Àwọn tó gbà pé 4 ló ń gbé, 14 ni wọ́n máa pè. Ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ ₦7,500. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹ wá ní kí wọ́n jà á síra wọn, kí kálukú sọ ìdí tí tiẹ̀ fi dáa jù, torí pé owó wà nínú ẹ̀, ewu náà sì wà nínú ẹ̀.

Òbìrí tí wọ́n fi hàn yín yẹn ò ju ìyẹn lọ. Kí la fẹ́ mọ̀, kí la gbà, ṣe ìṣirò ẹ̀, padà lọ wò ó bóyá ó bá ohun tó wà níta mu, tí kò bá mu, yí ohun tó o gbà padà kó o tún un ṣe. Ibi tí gbogbo tíṣà ti ń fò ni ibi kí wọ́n padà lọ wò ó. Ẹ rán ọmọ 2 jáde sí gééètì kí wọ́n lọ ka iye èèyàn tó wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.


Ìyá_Ẹlẹ́ja:

Ẹ kú àárọ̀ o. Èmi kì í ṣe tíṣà o ẹja ni mò ń tà ní Olúwo níbẹ̀ yẹn àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára torí ọmọ tèmi náà bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, ilé-ìwé á ní kò mọ ìṣirò, èmi á ní irọ́ lẹ ń pa, ọmọ tó ń bá mi pín ẹja sí ọpọ́n ọpọ́n tó sì mọ èyí tá a máa tà ní ₦3,000 àti èyí tá a máa tà ní ₦5,000. Tíṣà wa, ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń dun àwa gan-an. Mo ra apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn apẹja, mo fẹ́ yan án, èló ni kí n ta ẹyọ kan kí n má bàa jẹ gbèsè? Ẹ má sọ iye kankan fún wọn, bí bàbá ṣe wí yẹn. Ẹ wò ó bóyá wọ́n á rántí igi ìdáná, bóyá wọ́n á rántí owó ọkọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, bóyá ẹnikẹ́ni máa rántí pé ẹja tó bá ti gbẹ dáadáa lórí iná, ìwọ̀n ẹ̀ ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹni tó bá ra kílò 10 tútù tó rò pé kílò 10 gbígbẹ lòun máa tà, ó ti jẹ gbèsè nìyẹn. Ìwé ìṣirò ọmọ mi mo ka ìbéèrè kan nínú ẹ̀, "obìnrin kan ra ẹja 20 ní iye báyìí ó tà á ní iye báyìí èló ni èrè ẹ̀", mo rẹ́rìn-ín, mo ní obìnrin yìí ò lo igi ìdáná, ọ̀kankan ò bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ológbò ò gbé, kò ta àwìn fún ẹnikẹ́ni, ibo ló ti ń tajà kí n lọ bá a níbẹ̀.


Àǹtí_Tíṣà_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣé o bàbá, ẹ ṣé màmá wa, mo ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀ lórí ológbò yẹn. Bàbá, ọ̀rọ̀ pé kí n dákẹ́ yẹn bá mi wí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo máa ṣe ti kẹ̀kẹ́ yẹn padà láìsí nọ́ńbà. Àmọ́ mo ṣì ní ìbéèrè lórí máàkì, tí gúrúùpù kan bá ní 19 tí òmíì ní 14, kí ni mo máa kọ sí ríjísítà? HM wa, ọ̀gá ilé-ìwé, máa béèrè.


Lẹ́sìn_Másítà:

Mi ò fẹ́ bá yín jiyàn o àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwọn práímárì 6 ni mò ń kọ́ ní lẹ́sìn, àwọn tó fẹ́ ṣe Common Entrance. Ọmọ mìíràn wà níbẹ̀ tí kò mọ 7 lọ́nà 8. Ẹ ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ jókòó kó máa ronú lórí ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ẹja? Ìdánwò ò ní bi í ní ohun tó gbà, A, B, C, D ló máa kùn. Òbí tó sanwó fún mi, ó fẹ́ kí ọmọ òun wọlé ni. Èkejì, kíláàsì tó kún bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n máa jà á síra wọn, ariwo yẹn á dé ọ́fíìsì HM kí ìṣẹ́jú 5 tó pé. Ìkẹta, ọmọ tó gbọ́n á ṣe gbogbo ẹ̀, àwọn 5 tó kù á máa fi rúlà gbá ara wọn. Mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìṣirò ná, lẹ́yìn náà ẹ lè wá máa gbé wọn lọ sójà.


Ará_Àgbádárìgì:

@Lẹ́sìn_Másítà ẹ̀gbọ́n mi, apá kan ọ̀rọ̀ yín jóòótọ́, màá dé ibẹ̀, àmọ́ "kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ìṣirò ná" yẹn ni mi ò gbà. Àwọn olùwádìí mẹ́ta kan lọ bá àwọn ọmọ tó ń tajà lójú títì ní Recife, ní Brazil, iṣẹ́ yẹn jáde ní 1985. Ọmọ 5 ni, láti ọdún 9 sí 15. Wọ́n ń ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń béèrè pé èló ni èyí, èló ni tí mo bá mú tó báyìí, mélòó ni ṣéńjì mi. Nínú ìdáhùn 100, 98 ló tọ̀nà. Wọ́n wá mú àwọn ọmọ yẹn kan náà jókòó, wọ́n kọ ìṣirò kan náà fún wọn lórí ìwé. Èyí tí wọ́n kọ bí ìtàn, 74 ló tọ̀nà nínú 100. Èyí tí wọ́n kọ ní nọ́ńbà lásán, 37. Ọmọ kan níbẹ̀ àgbọn ló ń tà, ẹyọ kan 35, wọ́n ní àwọn fẹ́ 10. Kò fi òdo sí ẹ̀yìn 35 bí ilé-ìwé ṣe ń kọ́ wa. Ó mú 3 tó mọ iye ẹ̀ tẹ́lẹ̀, 105, ó fi 3 míì lé e, 210, ó tún fi 3 kún un, 315, ó wá fi ẹyọ kan parí ẹ̀, 350. Èmi tí mò ń gbé ní Àgbádárìgì tí àgbọn pọ̀ sí, mo lè fi ẹnu sọ fún yín pé àwọn ọmọ tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rò ó. Ọmọ tẹ́ ẹ ní kò mọ ìṣirò yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti mọ̀ ọ́n, ilé-ìwé ni kò tíì rí ibi tó fi pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tá a ṣe. Práímárì 5 wa fẹ́ sọdá ọ̀sà lọ sí Gbẹ̀rẹ́fù, kí wọ́n lọ wo ibi tí wọ́n ń pè ní Point of No Return, ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sọ́kọ̀ láyé àtijọ́. Ọmọ 46, tíṣà 4. Mo bi wọ́n pé wákàtí mélòó la máa fi sọdá tán ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn? Mo jẹ́ kí wọ́n lọ bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ létí omi (tíṣà kan tẹ̀lé wọn o). Wọ́n padà wá pẹ̀lú èyí: ọkọ̀ ń gbé èrò 12, jákẹ́ẹ̀tì ojú omi tó wà fún èrò jẹ́ 10, ìṣẹ́jú 10 ni sísọdá, wíwọlé àti wíwọ jákẹ́ẹ̀tì ń gbà tó ìṣẹ́jú 5.

Gúrúùpù àkọ́kọ́ fi 12 pín 50, wọ́n ní ìrìn 5. Ẹnì kan ní ta ló máa wà láìní jákẹ́ẹ̀tì? Wọ́n wá fi 10 pín in, ó ṣì jẹ́ 5, ó pé gééré, inú wọn dùn, wọ́n ní ìṣẹ́jú 50. Mo dákẹ́. Ọmọkùnrin kan tí bàbá ẹ̀ jẹ́ apẹja ní "ọkọ̀ ò ní padà wá gbé àwọn tó kù ni?" Ó di lílọ 5, bíbọ̀ 4, torí pé èyí tó gbẹ̀yìn kò ní láti padà wá gbé ẹnikẹ́ni, ìṣẹ́jú 90, wọ́n fi 25 kún un fún wíwọlé, 115. Mo rò pé a ti parí. Ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ bá ní "Mà, tíṣà 4 ni, ìrìn 5 ni, ìrìn wo ni kò ní ní tíṣà nínú?"

Ilé dàrú. Tí tíṣà kan bá bá ọkọ̀ padà wá kó má bàa sí ìrìn tí kò ní àgbàlagbà, ó ti gba ààyè lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, ààyè 51 la nílò, 10 lọ́nà 5 kò gbé 51. Ó di ìrìn 6. Ẹnì kan ní ká mú òbí kan dání dípò ẹ̀, wọ́n ṣírò ẹ̀, òbí náà gba ààyè, 51 náà ni. Ìrìn 6 jẹ́ lílọ 6 bíbọ̀ 5, ìṣẹ́jú 110, fi 30 kún un, 140. Ohun tí wọ́n wá bá jáde ni pé tá a bá rí jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sí i, tó di 11, ọkọ̀ ṣáà ń gbé 12, ìrìn 5 á tó, a padà sí 115. Jákẹ́ẹ̀tì kan, ìṣẹ́jú 25! Wọ́n kọ lẹ́tà sí HM pé kó bá wọn wá jákẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ sọ fún mi, nínú ìwé ìṣirò wo lẹ ti máa rí ìyẹn? Ìṣirò tó wà nínú ẹ̀ kò sì ju lọ́nà àti pípín àti ìrópọ̀ lọ, tí wọ́n ti kọ́ láti práímárì 3.

Ti ariwo, òótọ́ ni, ariwo máa wà. Mo sọ fún HM ṣáájú, mo sì ń fi sí àsìkò ìkẹyìn lọ́jọ́ Fúráìdé, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, àwọn ọjọ́ tó kù táìmù tébù, irú 7 lọ́nà 8 yẹn, wà níbẹ̀ digbí. Ti ọmọ tó gbọ́n tó ń ṣe gbogbo ẹ̀, ìwé kan, bírò kan fún gúrúùpù, ẹni tó bá sì wu èmi ni mo máa pè jáde láti wá ṣàlàyé, kì í ṣe ẹni tó nawọ́. Tí ẹni tí mo pè kò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo gúrúùpù ló pàdánù máàkì. Ẹ máa rí i bí wọ́n á ṣe máa kọ́ ara wọn.

Ti máàkì, àǹtí: mo pín 10 báyìí, 4 fún ohun tí wọ́n gbà, ṣé wọ́n kọ ọ́, ṣé wọ́n lè gbèjà ẹ̀, 3 fún ìṣirò fúnra ẹ̀, 3 fún bí wọ́n ṣe padà lọ wò ó bóyá ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Gúrúùpù 19 àti gúrúùpù 14 lè gba 10 àwọn méjèèjì. Èyí tó bá kọ "17, ó ku 2" lè gba 3 lórí ìṣirò, kò ní rí nǹkan kan nínú ìyókù.


Ọmọ_Ìmọ́tà:

Ẹ̀yin tíṣà mo júbà. Ẹnjiníà ni mí, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣàlàyé é yìí náà la ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbé ìbéèrè tó ti pé nọ́ńbà fún wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un fún àwọn práímárì 6, ó súnmọ́ wa níbí ní Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìpínlẹ̀ Èkó tó wà ní Ìmọ́tà, tí Ààrẹ Buhari wá ṣí ní oṣù kìíní 2023, ohun tí wọ́n kéde ni pé ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, àti pé lọ́dún àpò kílò 50 mílíọ̀nù 2.8 ló lè jáde níbẹ̀. Mo gbé e fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nílé pé ṣé nọ́ńbà méjèèjì yìí bá ara wọn mu?

Mílíọ̀nù 2.8 lọ́nà 50, ó jẹ́ kílò mílíọ̀nù 140, ìyẹn tọ́ọ̀nù 140,000. Fi 32 pín in, wákàtí 4,375. Tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, bí ọjọ́ 182 ni, ìdajì ọdún! Wọ́n ní kí ni wọ́n wá ń fi ìdajì tó kù ṣe? Ẹ̀gbọ́n wọn ní bóyá wákàtí 16 ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, ó ṣírò ẹ̀, ó bọ́ sí bí ọjọ́ 273. Ìyẹn dà bí ọdún iṣẹ́ gidi tẹ́ ẹ bá yọ ọjọ́ ìsinmi. Àbúrò ẹ̀ ní rárá o, pé ìrẹsì tó wọ inú ẹ̀rọ ní èèpo lára, pé tí àpò 3 bá wọlé, bí àpò 2 ló máa jáde, pé bóyá èyí tó wọlé ni wọ́n ń pè ní 32. Òun gbà pé ẹ̀rọ ò sùn rárá, ó ṣírò tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gbọ́ o, bí ọjọ́ 273 náà ló bá jáde! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ja ìjà. Ìdáhùn kan náà, ohun tí wọ́n gbà yàtọ̀ pátápátá, ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ ń lọ sùn, ọ̀kan ní èèpo ló ń jáde. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ máàkì 4 tí ẹni Àgbádárìgì fi sórí ohun tí wọ́n gbà, torí ẹ bá wo 273 nìkan lórí ìwé, ẹ ò ní mọ ẹni tó rò kí ni.


Lẹ́sìn_Másítà:

Hmm. Ti jákẹ́ẹ̀tì yẹn dáa, mi ò ní purọ́. Mo ṣì dúró lórí pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe Common Entrance lọ́dún yìí kò ní àkókò fún ìrìn 6 ìrìn 5. Àmọ́ àwọn práímárì 4 tó ń wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé, bóyá mo lè dán an wò pẹ̀lú wọn. Kí ni èèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀ tí kò ní gbé ọmọ jáde nínú yàrá? Mi ò fẹ́ wàhálà àwọn òbí.


Bàbá_Tíṣà_Ìgbógbó:

Omi mímu ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Kẹ́ẹ̀gì mélòó ló yẹ kó wà nínú yàrá lẹ́sìn yín kó tó dé ọ̀sán? Kọ́ọ̀bù kan, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan, ó tán. Kí wọ́n da omi sínú kẹ́ẹ̀gì kọ́ọ̀bù kọ́ọ̀bù títí dé ibì kan, wọn ò ní láti kún un, kí wọ́n fojú ṣírò ìyókù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bi ara wọn pé kọ́ọ̀bù mélòó lo ń mu. Ẹ máa rí i pé ẹni tó ní kọ́ọ̀bù 10 wà níbẹ̀, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má dá sí i. Tó bá di Sátidé tó tẹ̀ lé e kí wọ́n gbé iye kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ní wá, kẹ́ ẹ jọ wo bóyá ó tó. Táìmù tébù wà nínú ẹ̀ dáadáa, inú àwọn òbí náà á dùn.


Àǹtí_Tíṣà_Ẹ̀pẹ́:

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́sìn nóòtù mi. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà mo máa gbé ìbéèrè Ìyá Ẹlẹ́ja lọ́wọ́, ẹja yíyan. Mo fẹ́ kí wọ́n wọn ẹja tútù kí wọ́n tún wọn ọ́n lẹ́yìn tó bá gbẹ, kí wọ́n fojú ara wọn rí i, kì í ṣe kí n sọ fún wọn. Ìyá Ẹlẹ́ja, ṣé mo lè kó díẹ̀ nínú wọn wá bá yín lọ́jà? Òṣùwọ̀n ni mi ò ní, ẹni tó bá ní síkéèlì tí kò lò ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kó jọ̀ọ́ yá mi.


Ìyá_Ẹlẹ́ja:

Ẹ máa kó wọn bọ̀ tíṣà wa àmọ́ kó má jẹ́ ọjọ́ tí ọjà bá kún o, àwọn oníbàárà mi á fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n, ẹ wá ní ọ̀sán tí ọjà bá ti tú díẹ̀. Mo máa fún yín ní àrọ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ wọ̀n, tó bá gbẹ màá fi ọmọ yẹn rán an padà sí yín, kó má jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà ṣá. Síkéèlì mi wà níbẹ̀ ẹ lè lò ó. Àmọ́ ó ní àìsàn kan, tí nǹkan kan ò bá sí lórí ẹ̀ rárá gíráàmù 200 ló ń fi hàn, èmi ti mọ̀ ọ́n mo máa ń yọ ọ́ kúrò fún oníbàárà. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ yẹn o, ẹ jẹ́ kí n wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i.